Ta Ló Lè Fa Okùn? Ẹ̀kọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ ní Fremont



Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́, ohun tí a mọ̀ ni kí wọ́n gba gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n pe olùkọ́ láti Èkó, kí wọ́n pín báàgì àti ìwé ẹ̀rí, kí a jẹ ìrẹsì, kí olúkúlùkù sì padà sẹ́nu iṣẹ́ bó ṣe fi í sílẹ̀. Mi ò ní bú sẹ́mínà lónìí. Èmi náà ń jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìṣiṣẹ́ Toyota, tí aráyé ń pè ní lean, kò gbára lé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti fẹ́ bàjẹ́ gan-an ni ẹ̀kọ́ tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀, lójú ẹsẹ̀, lọ́dọ̀ ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú aṣọ híhun ni wọ́n ti mú un wá. Sakichi Toyoda, tí wọ́n bí ní 1867, ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ kan tó jẹ́ pé bí òwú bá já, ẹ̀rọ náà á dá ara rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí òfì ní Ìsẹ́yìn rí mọ ìdí rẹ̀: bí òwú bá já tí a kò so ó, aṣọ á máa bàjẹ́ lọ ni. Kiichiro ọmọ rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ mọ́tò Toyota sílẹ̀ ní 1937. Taiichi Ohno, tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ níbi òwú kó tó bọ́ sídìí mọ́tò, wà lára àwọn tó gbé ìlànà dídúró yìí wọ ibẹ̀.

Wọ́n kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ Amẹ́ríkà náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ètò kan kalẹ̀ láti tètè kọ́ àwọn tí kò mọ iṣẹ́ rí: gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, ṣe é kó rí i, jẹ́ kó ṣe é kó sì ṣàlàyé ohun tó ń ṣe fún ọ, kí o tó fi í sílẹ̀. Ogun parí ní 1945, Amẹ́ríkà pa ètò náà tì. Japan gbé e.

Ẹ wá bá mi dé Fremont, ní California. General Motors (GM) ní ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Lójúmọ́, nǹkan bí òṣìṣẹ́ kan nínú márùn-ún kì í wá. Àwọn kan ń mutí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀sùn tí wọ́n kọ lórí ọ̀gá kò lóǹkà. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ èèwọ̀ ni kí ìlà tí ọkọ̀ ń gbà kọjá dúró. Bí ilẹ̀kùn kan kò bá jókòó dáadáa, ọkọ̀ á máa lọ bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn á wá tú u ṣe lẹ́yìn. Ní 1982, wọ́n tì í pa. Toyota bá GM dòwò pọ̀, wọ́n pe ibẹ̀ ní NUMMI, ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù Kejìlá 1984. Ó lé ní 80 nínú 100 àwọn tí wọ́n gbà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ àtijọ́ yẹn náà, ilé kan náà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UAW kan náà. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn tí kì í wá síbi iṣẹ́ kò ju 3 tàbí 4 nínú 100 lọ, iṣẹ́ tí ẹnì kan ń ṣe sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Kí ló yí padà? Láyé GM, ẹ̀ńjíníà ló ń dúró ti òṣìṣẹ́ pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Bí òṣìṣẹ́ bá ti rí i, á mọ̀ọ́mọ̀ fà á, torí bó bá yára lónìí, iṣẹ́ kún iṣẹ́ nìyẹn lọ́la. Ní NUMMI, aago bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn. Ẹ fojú inú wò wọ́n: ẹni bíi márùn-ún, ọ̀kan ń gbé àga wọnú ọkọ̀, ìkejì di aago mú, ìkẹta ń kọ ọ́ sílẹ̀, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìnídìí, ibi tó ti rin ìrìn òfò lọ mú irinṣẹ́. Wọ́n á gbàṣe. Ọ̀nà tó rọrùn jù, tí kò ní pa ẹ̀yìn lára, ni wọ́n á kọ sílẹ̀ tí gbogbo wọn á máa tẹ̀ lé, títí ẹnì kan á fi rí èyí tó sàn jù ú lọ.

Okùn sì wà nítòsí. Ẹni tó bá rí àléébù á fà á, iná á tàn, orin á dún, aṣíwájú wọn á sáré dé. Bí wọ́n bá tún un ṣe lásìkò, iṣẹ́ ń lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlà á dúró.

Àwọn tó ń polówó lean kì í fẹ́ sọ ti 1988. Àdéhùn NUMMI pẹ̀lú UAW ni pé wọn ò ní dá òṣìṣẹ́ dúró àyàfi bí ìṣòro bá fẹ́ gbé ilé-iṣẹ́ náà ṣánlẹ̀. Kó tó dé ibẹ̀, wọ́n á ti gé owó àwọn ọ̀gá. Ní 1988, ọjà kò tà, iṣẹ́ wálẹ̀ sí nǹkan bí 60 nínú 100 agbára wọn. Wọn ò lé ẹnì kankan. Àwọn tí iṣẹ́ kò kàn ni wọ́n kó lọ sí ẹ̀kọ́ àti àtúnṣe. Bó bá jẹ́ pé ọgbọ́n tí mo dá kí ẹni márùn-ún lè ṣiṣẹ́ ẹni mẹ́fà ló máa lé ìkẹfà wa lọ, ṣé mo tún máa dá òmíràn?

Ọdún yẹn kan náà ni Mike Parker àti Jane Slaughter, àwọn òǹkọ̀wé lórí ọ̀ràn òṣìṣẹ́, kọ ìwé pé wàhálà ni ètò NUMMI fi ń rìn, pé kò fún òṣìṣẹ́ ní àyè mímí. Mo gbà pé òtítọ́ wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá tí a yọ kúrò, ìsinmi ẹnì kan ni nígbà mìíràn. Àdéhùn náà kò sì wà títí láé: GM yọwọ́ ní 2009, Toyota ti ilẹ̀kùn ní oṣù Kẹrin 2010.

Ó wá kàn wá. Nínú àwọn báńkì wa nílẹ̀ yìí, púpọ̀ nínú àwọn tó ń kawó lórí káńtà kì í ṣe òṣìṣẹ́ báńkì. Agbaninísíṣẹ́ kan ló kó wọn wá, ó sì lè kó wọn lọ. Ẹ gbé àpótí àbá síwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ló máa jù sí i? Ẹ̀yin ọ̀gá tó wà níbí, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tí àbá bá dín iṣẹ́ rẹ̀ kù kò ní pàdánù iṣẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ béèrè fún un nígbà tí ẹ bá tún jókòó àdéhùn, kí ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ tó dé.