Egungun Tí Ó Fọ́ àti Ẹran Tí Ó Yí I Ká: Àwòrán Tí A Ń Fi Mànàmáná Yà

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àpéjọpọ̀ àwọn awakọ̀, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tí ń to egungun ní Ìjẹ̀bú-Òde

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọgbọ́n tuntun kan tí àwọn onímọ̀ ń dán wò lókè òkun, èyí tí wọ́n fẹ́ máa fi agbára mànàmáná ya àwòrán inú ẹsẹ̀ tàbí apá tí ó fọ́ yángá. Èmi yóò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ yé wa ohun tí wọ́n ń fi ọgbọ́n náà wá, nítorí pé egungun nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá.

Kò sí ẹni tí ó wà níhìn-ín tí kò mọ ẹnì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́ rí. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń to egungun ni àwọn tí ó já bọ́ lórí ọ̀pẹ tàbí lórí òrùlé. Lónìí, títì ńlá tí ó ti Ṣágámù lọ sí Bìní gba ẹ̀gbẹ́ ìlú wa kọjá, ọ̀kadà sì ń ná gbogbo àdúgbò. Ẹni tí ó já bọ́ lórí ọ̀pẹ ṣèṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń sáré, nígbà tí ó bá gbá ènìyàn, a máa fọ́ egungun, a sì máa lọ ẹran tí ó yí i ká bí ẹni lọ ata.

Ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1895 ni ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì nì, Wilhelm Röntgen, ṣe alábàápàdé ìtànṣán tí a ń pè ní X-ray. Láti ìgbà náà ni ojú ènìyàn ti là sí egungun inú ara. Ẹ̀rọ náà ti ṣe gudugudu méje. Ó ń fi ibi tí egungun ti ṣẹ́ hàn, ó sì ń fi iye ègé tí ó fọ́ sí hàn. Ṣùgbọ́n ẹran àti ẹ̀jẹ̀ dà bí òjìji lásán lójú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mọ́, fọ́tò X-ray kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ó bá ti dúró ti alápatà rí yóò ti rí awọ funfun kan tí ó máa ń bo ẹran. Láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀ ènìyàn, àpò mẹ́rin ni irú awọ bẹ́ẹ̀ pín ẹran sí. Awọ náà yi, kì í sì í fà. Bí egungun bá fọ́ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a dà sínú àpò, ẹran a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹ jẹ́ kí a fi gàrí ṣe àpèjúwe, nítorí pé a kì í kọ́ ará Ìjẹ̀bú bí gàrí ti í wú. Bí ẹ bá bu gàrí sínú àwo, tí ẹ bu omi lé e, yóò wú, kò sì ní ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bù ú kún inú ìgò, tí ẹ rọ omi sí i, tí ẹ sì dé e pinpin, níbo ni yóò wú sí? Ara rẹ̀ ni yóò máa fún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹran inú àpò yìí ṣe ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọ pa. Láàárín bí wákàtí mẹ́fà, ẹran tí kò rí ẹ̀jẹ̀ yóò ti máa kú, èyí tí ó bá sì ti kú kò ní jí mọ́. Nígbà tí ọ̀ràn bá dé ibẹ̀, àfi kí oníṣẹ́ abẹ la àpò náà kíákíá.

Ní ọdún 1881, dókítà ará Jámánì mìíràn, Richard von Volkmann, kọ̀wé nípa àwọn tí ọwọ́ wọn ká kò lẹ́yìn tí a ti di báńdéèjì mọ́ apá wọn jù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. P.O.P. tí a dì jù ní ilé ìwòsàn lè pa ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọparun tí a dì jù nílé ẹni tí ń to egungun. Èmi kò sí lára àwọn tí ń fi ẹ̀yin tí ń to egungun ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ lọ, nítorí pé ẹ wà nítòsí, ẹ sì ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ bí ẹni bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Dókítà J. E. Onuminya, oníṣẹ́ abẹ egungun ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, tẹ ìròyìn kan jáde ní ọdún 2006 lórí ẹni tí ń to egungun tí a fún ní ẹ̀kọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, ẹsẹ̀ àti apá tí ń kú dànù dín kù lọ́dọ̀ rẹ̀.

Báwo ni dókítà ṣe ń mọ̀ pé àpò ti ń fún? Ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì ń bi aláìsàn bí ìrora rẹ̀ ti pọ̀ tó. Níbi tí irinṣẹ́ bá wà, yóò fi abẹ́rẹ́ gún inú ẹran láti wọn ìfúnpá tí ó wà níbẹ̀. Yóò fi ìwọ̀n yìí wé ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ti ìsàlẹ̀. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò bá tó 30, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di ti abẹ. Ṣùgbọ́n ibi tí abẹ́rẹ́ gún nìkan ni ó ń ròyìn. Ẹni tí ó dákú kò lè sọ ìrora rẹ̀, ọmọdé sì ń sunkún sí gbogbo nǹkan.

Níbí ni mànàmáná ti wọlé. Ẹ ti rí àgbàrá òjò: ibi tí ó bá rọrùn ni ó ń gbà, ó sì ń yà kúrò níbi tí òkúta wà. Bẹ́ẹ̀ ni mànàmáná rí nínú ara. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ara, tí iyọ̀ wà nínú wọn, ń jẹ́ kí ó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀rá ń dí i lọ́nà. Egungun líle ń dí i lọ́nà gidigidi. Àwọn onímọ̀ a lẹ àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké yí ara ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Wọn a rán mànàmáná láti ara irin kan sí èkejì, èyí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí aláìsàn kò ní mọ̀ ọ́n lára, wọn a sì wọn ohun tí ó dé ara àwọn irin yòókù. Wọn a tún mú irin méjì mìíràn, títí wọn yóò fi yí i po. Kọ̀ǹpútà ni yóò wá ṣe ìṣirò ibi tí mànàmáná gbà àti ibi tí ó yà kúrò, yóò sì sọ ọ́ di àwòrán. Electrical Impedance Tomography ni àwọn òyìnbó ń pè é. D. C. Barber àti B. H. Brown, ní ìlú Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ di ohun tí a lè lò fún ènìyàn ní àwọn ọdún 1980. Ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń fi í wò jù lọ, lára àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í gba mànàmáná.

Ní ti egungun, àwọn onímọ̀ ní California nílẹ̀ Amẹ́ríkà ròyìn ní ọdún 2017 ohun tí wọ́n rí lára egungun ojúgun òkú ènìyàn: bí ẹ̀jẹ̀, kerekere àti egungun ti ń dí mànàmáná lọ́nà yàtọ̀ síra. Ní ọdún 2019 wọ́n tún ròyìn ti eku tí egungun rẹ̀ ṣẹ́, pé bí egungun tuntun ti ń dí ojú ibẹ̀ ni ìdílọ́nà náà ń pọ̀ sí i. Ìwọ̀n ni wọ́n wọ̀n, àwòrán kọ́ ni wọ́n yà. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé mànàmáná lè sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójú ibi tí egungun ti ṣẹ́. Ìrètí tí ó wà nínú ti àwòrán ni pé a lè fi ìgbànú irin náà sílẹ̀ lára ẹsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí dókítà lè máa wo bí ẹ̀jẹ̀ àti omi ti ń gbára jọ, bí aláìsàn tilẹ̀ dákú. Kò ní ìtànṣán tí ń pa ara lára, bátìrì sì lè gbé e. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí níbi tí iná ti ń ṣẹ́jú.

Àbùkù rẹ̀ kò kéré. Àwòrán rẹ̀ ṣú, kò lè fi ojú ibi tí egungun ti sán hàn bí X-ray ti ń fi í hàn. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dà sínú ẹran àti omi tí ó wú u jọ ara wọn lójú rẹ̀. Irin tí oníṣẹ́ abẹ fi to egungun ń da ìṣirò rú, ọgbẹ́ tí ó ṣí sílẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí a rí ibi lẹ irin mọ́. Lójú tèmi, ìrànlọ́wọ́ ni yóò jẹ́ fún ọwọ́ dókítà, kò ní gba ipò rẹ̀. Ẹ sì jọ̀wọ́, bí ẹnikẹ́ni bá fi ọ̀pá kékeré kan lé yín lọ́wọ́ ní gbàgede ọjà, tí ó ní kọ̀ǹpútà òun yóò ka gbogbo àìsàn inú ara yín, ọgbọ́n tí mo ń sọ yìí kọ́ nìyẹn. Ẹ pa owó yín mọ́.

Títí ẹ̀rọ náà yóò fi pé, ọwọ́ àti ojú ni a ní. Bí ẹsẹ̀ bá ṣẹ́, ẹ fi igi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó má mì, kí ìdè rẹ̀ má fún. Ẹ má ṣe fi òróró wọ́ ọ. Ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ sílẹ̀ níta kí a lè máa rí i. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, lóru pàápàá, ẹ rọra na ìka náà sókè. Bí ẹni náà bá ké ju bí ó ti yẹ lọ, bí ìka bá kú tipiri, bí ó bá funfun tàbí tutù, tàbí bí èékánná tí a tẹ̀ kò bá tètè pọ́n padà, ẹ tú ìdè náà títí dé awọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba níhìn-ín, tàbí sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1986. Wọ́n sì lè ti ibẹ̀ darí yín sí Ìgbóbì ní Èkó, níbi tí a ti ń tọ́jú egungun láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ aago tí jàǹbá náà ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì fi lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, nítorí pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí oníṣẹ́ abẹ yóò bi yín nìyẹn.