Ta Ni Yóò Pe Gbèsè Ìlú fún Akọ̀wé Kọ?

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin)

Ọlọ́hun Ọba nìkan ni ọpẹ́ yẹ, Ẹni tí ó fi kálámù kọ́ ẹ̀dá ní ìmọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipa ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìdájọ́. 

Bí a bá bi ọmọ ilé kéú léèrè pé áyà wo ni ó gùn jù nínú Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, kíá ni yóò dáhùn pé áyà 282 nínú sūratul Bákárà ni. Áyà náà kò dá lórí ìrun, kò dá lórí ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò dá lórí hájì. Orí gbèsè ni ó dá lé. Ọlọ́hun pàṣẹ níbẹ̀ pé bí àwọn onígbàgbọ́ òdodo bá yá ara wọn ní ohun kan títí di àkókò kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí akọ̀wé jẹ́ olódodo, kí ó má sì kọ̀ láti kọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kà kọjá láìdúró: ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ gan-an ni kí ó ṣe àpèkọ fún akọ̀wé. Àwọn onítumọ̀ ṣàlàyé pé ẹnu onígbèsè ni ìjẹ́wọ́ ti ń di ẹ̀rí lé e lórí. Bí onígbèsè náà bá sì jẹ́ aláìlóye tàbí aláìlágbára, tàbí tí kò lè pè é fúnra rẹ̀, alámòójútó rẹ̀ ni kí ó bá a pè é, pẹ̀lú òdodo.

Ìlú pẹ̀lú ń jẹ gbèsè bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń jẹ ẹ́. Ìyá tí ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà Ìjẹ̀bú-Imùṣin kò mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí lórúkọ rẹ̀ ní Paris tàbí ní Washington. Ọmọ tí a kò tíì bí kò mọ̀ ọ́n rárá, bẹ́ẹ̀ òun náà yóò wà lára àwọn tí yóò san án. Àwọn wọ̀nyí ni aláìlágbára tí kò lè ṣe àpèkọ. Ta wá ni alámòójútó wọn? Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí ń ṣe àmójútó owó ìlú ni: àwọn tí ń ṣírò owó ìjọba, àwọn tí ń yẹ ìwé owó wò, àwọn tí ń ṣètò ìṣúná, àti àwọn tí ń kọ gbèsè sílẹ̀. Nígbà tí orílẹ̀-èdè bá jókòó pẹ̀lú orílẹ̀-èdè lórí ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè, àwọn ni wọ́n mú ìwé lọ́wọ́.

Ẹ wo alájọ àdúgbò. Ó ní káàdì tirẹ̀, ẹni tí ń dájọ́ náà ní tirẹ̀. Bí oṣù bá parí, káàdì méjèèjì ni wọn yóò gbé kalẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ káàdì rẹ̀ nù kò ní ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Iye tí alájọ bá ní ó dá ni iye tí ó dá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fún ọdún púpọ̀ kò jìnnà sí èyí.

Ní ọdún 1978 ni ìjọba ológun yá bílíọ̀nù dọ́là kan lọ́jà owó àgbáyé. Owó epo rọ̀bì ń wọlé nígbà náà, kò sì sẹ́ni tí ó rò pé yóò já. Nígbà tí ọdún 1980 lé díẹ̀, iye owó epo já wálẹ̀, gbèsè kò sì ṣeé san mọ́ bí ó ti yẹ. Èlé gun orí ojú owó, owó ìtanràn nítorí ìdádúró tún gun orí èlé. Àwọn àgbà Ìjẹ̀bú mọ ohun tí à ń pè ní ìwọ̀fà: ẹni tí ó yá owó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko kò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú ojú owó, èlé ni wọ́n ka iṣẹ́ náà sí. Bí Nàìjíríà ti ṣe ń sin àwọn olówó rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ọdún 2004 fi parí, gbèsè òkèèrè ti tó bílíọ̀nù dọ́là márùndínlógójì ó lé díẹ̀, nǹkan bí ọgbọ̀n bílíọ̀nù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè olówó tí wọ́n ń péjọ ní Paris láti bá onígbèsè ṣe àdéhùn, tí gbogbo ayé ń pè ní Paris Club.

Ohun tí ó burú ju iye gbèsè náà lọ ni pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò sí níbì kan ṣoṣo. Díẹ̀ wà ní ẹ̀ka kan nílé iṣẹ́ ètò ìnáwó, díẹ̀ wà ní ẹ̀ka mìíràn, díẹ̀ wà ní Báńkì Àpapọ̀, iye tí ẹ̀ka kan sì ń pè kò bá ti èkejì mu. Nítorí náà, bí ó bá di ọjọ́ ìpàdé, ìwé àwọn olówó ni a ń kà. Àwọn olówó ni wọ́n ń ṣe àpèkọ, onígbèsè ń fọwọ́ sí i. Èyí ni òdìkejì pátápátá sí ètò tí Ọlọ́hun là sílẹ̀ nínú áyà tí a mẹ́nu bà lókè.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2000 ni ìjọba dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún àmójútó gbèsè nìkan, tí a ń pè ní DMO. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dojú kọ kò ní ariwo nínú: wọ́n kó àwọn ìwé àdéhùn jọ, wọ́n fi iye tí olówó ń pè wé iye tí ó wà nínú ìwé, wọ́n sì kọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ sílẹ̀. Láti ọdún 2003, Alhaji Mansur Muhtar, ọmọ bíbí Kano, ni ó ṣe olórí ọ́fíìsì náà, nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Báńkì Àgbáyé, jẹ́ Mínísítà fún ètò ìnáwó. Ní ọdún 2005, àwọn olówó gbà láti fagi lé bílíọ̀nù dọ́là méjìdínlógún, Nàìjíríà sì san bílíọ̀nù méjìlá. Oṣù kẹrin ọdún 2006 ni wọ́n san èyí tí ó kẹ́yìn.

Àwọn kan wí nígbà náà pé àánú ni àwọn òyìnbó ṣe. Àwọn mìíràn wí pé ìwà òmùgọ̀ ni kí a kó bílíọ̀nù méjìlá fún olówó nígbà tí ilé ìwòsàn kò ní oògùn. Ọ̀rọ̀ àwọn èkejì yìí ní ìwúwo, kò yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn ìwọ̀fà yóò mọ̀ pé ojú owó ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bọ́ nínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ọmọ yóò máa sin olówó. Ní ti àánú, ó wà níbẹ̀ díẹ̀. Àwọn ènìyàn rere káàkiri ayé ti ń ké fún ọdún púpọ̀ pé kí a dárí gbèsè ji àwọn orílẹ̀-èdè tálákà. Síbẹ̀ igbe nìkan kò lè fagi lé gbèsè tí onígbèsè fúnra rẹ̀ kò mọ iye rẹ̀.

Iṣẹ́ kò parí síbẹ̀. Owó tí ìbá máa lọ sọ́wọ́ àwọn olówó lọ́dọọdún di owó ìlera, owó ilé ẹ̀kọ́ àti owó omi. Arábìnrin Mùsùlùmí kan, Amina Mohammed, ni ìjọba fi ṣe alámòójútó bí wọn yóò ṣe ná an àti bí wọn yóò ṣe tọpa rẹ̀ dé abúlé. Ní ọdún 2017 ó di Igbákejì Akọ̀wé Àgbà fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Kí àwọn òbí tí ń sọ pé ẹ̀kọ́ ìṣirò kò wúlò fún ọmọbìnrin tí ó ń lo hìjáàbù wo èyí dáadáa.

Ìjẹ̀bú pàápàá kò ṣàì ní tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1930, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, nídìí ètò ọrọ̀ ajé àti ìṣúná. Ó kọ ìwé lórí bí owó ìjọba àpapọ̀ ṣe ń pín, kí ó tó di kọmíṣánnà fún ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé lábẹ́ Ọ̀gágun Gowon. Ní ọdún 1973 ó rìn yí orílẹ̀-èdè méjìlá ká ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òun pẹ̀lú àwọn ará Togo, láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọrọ̀ ajé wọn ṣọ̀kan. Èso ìrìn àjò náà ni àjọ ECOWAS, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní Èkó ní oṣù karùn-ún ọdún 1975. Ọdún yẹn náà ni ó di olórí àjọ tí ń rí sí ọrọ̀ ajé Áfíríkà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1991.

Ohun tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú mọ̀ jù nípa rẹ̀ ni ti ọdún 1989. Báńkì Àgbáyé àti Àjọ Owó Àgbáyé ti ń pàṣẹ fún àwọn ìjọba Áfíríkà pé kí wọ́n dín owó náírà àti sẹ́dì wálẹ̀, kí wọ́n gé owó ilé ìwé àti ti ilé ìwòsàn, ètò tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP. Adédèjì àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò kàn bínú. Wọ́n gbé ìṣirò Báńkì Àgbáyé wò, wọ́n tọ́ka sí ibi tí kò ti dúró, wọ́n sì gbé ètò mìíràn kalẹ̀ fún Áfíríkà. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dámọ̀ràn ni ó ṣẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ Áfíríkà ni ó ṣe àpèkọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó ti ibẹ̀ dé, ó dá ilé ìwádìí sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Imùṣin. Ó jáde láyé ní ọdún 2018.

Ọ̀dọ́ kan lè wí pé: èlé ni ó kún inú iṣẹ́ yìí, èlé sì jẹ́ hàráàmù, ó sàn kí Mùsùlùmí jìnnà sí i. Ọ̀rọ̀ yìí tọ́ sí ìdáhùn, nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni ó ti wá. Ànábì Yúsúfù bẹ ọba Íjíbítì pé kí ó fi òun ṣe olórí àwọn ilé ìṣúra ilẹ̀ náà, ohun méjì ni ó sì fi ṣe ẹ̀rí ara rẹ̀: pé òun jẹ́ ẹni tí ń ṣọ́ nǹkan, pé òun sì ní ìmọ̀. Ọba náà kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ìyàn ń bọ̀, ẹni tí yóò sì ṣírò ọkà ọdún méje gbọ́dọ̀ wà. Bákan náà, nígbà tí owó rẹpẹtẹ dé bá Kàlífà Umar láti Bahrain, àwọn òpìtàn sọ pé ẹnì kan dámọ̀ràn kí ó ṣe dīwān, ìwé àkọsílẹ̀ irú èyí tí àwọn tí kì í ṣe Lárúbáwá ń lò. Umar gbà á. Kò bi í pé àwọn wo ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Abū Yūsuf, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Imām Abū Hanīfa, kọ odindi ìwé lórí owó orí àti owó ìlú fún Kàlífà Hārūn ar-Rashīd.

Bí àwọn tí ó mọ òfin Ọlọ́hun bá sì sá nídìí owó ìlú, ta ni yóò bá wa wá ọ̀nà tí kò ní èlé? Ní ọdún 2013 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi súkúùkù kó owó jọ láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2017, DMO kan náà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè kó ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù náírà jọ fún ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀nà yìí, wọ́n sì fi ṣe títì. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára rẹ̀. Nínú súkúùkù, ẹni tí ó mú owó wá ní ìpín nínú ohun tí a fi owó náà ṣe, owó ìyálò ni ó sì ń gbà. Àwọn tí ó mọ fíkíhì àti àwọn tí ó mọ ìṣúná ìjọba ni wọ́n jókòó ṣe é. Alhaji Muhtar tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan di mínísítà ètò ìnáwó ní ìparí ọdún 2008, lẹ́yìn náà ó di ọ̀kan nínú àwọn igbákejì ààrẹ Báńkì Ìdàgbàsókè Ìsìláàmù ní Jeddah, báńkì tí Nàìjíríà wọ̀ ní ọdún 2005.

Ìmọ̀ nìkan kò tó. Ànábì Yúsúfù fi ìṣọ́ ṣáájú. Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) rán ọkùnrin kan tí à ń pè ní Ibn al-Lutbiyya láti gba sàká. Nígbà tí ó dé, ó pín ohun tí ó kó bọ̀ sí méjì, ó ní apá kan jẹ́ ti Mùsùlùmí, apá kejì jẹ́ ẹ̀bùn tí wọ́n fún òun. Inú Ànábì kò dùn. Ó gun mínbárì, ó sì béèrè níwájú gbogbo ènìyàn pé bí ọkùnrin náà bá jókòó sílé baba rẹ̀ tàbí ilé ìyá rẹ̀, ṣé ẹ̀bùn náà yóò wá bá a? Hádíìsì yìí wà nínú Bukhārī àti Muslim. Kí ẹni tí ń sọ pé owó ìjọba kò ní olówó lọ kà á.

Gbèsè tí a bọ́ nínú rẹ̀ ní ọdún 2006 ti padà dé. Nígbà tí ọdún 2023 parí, gbèsè òkèèrè Nàìjíríà ti lé ní bílíọ̀nù dọ́là méjìlélógójì, ó ju ti ọdún 2004 lọ. DMO ń tẹ iye rẹ̀ jáde fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀dọ́ tí ó bá ní fóònù lè kà á. Iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀ fún àwọn tí yóò ṣe ìdánwò ICAN, tí yóò kọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé, tí yóò gbọ́ èdè Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì débi tí wọn yóò fi lè ka ìwé àdéhùn láìsí ògbufọ̀.

Ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin níbí, àwọn tí ń kọ́ kéú lọ́jọ́ Sátidé lè fi wákàtí kan kún un fún ìṣirò. Ìwé owó mọ́ṣáláṣí ni ó sì rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀: kí ọ̀dọ́ méjì máa kọ ọ́, kí ẹlòmíràn máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tí ó kẹ́yìn oṣù, kí a sì dá ẹni tí ó bá ní ìbéèrè lóhùn kí Jímọ̀ mìíràn tó dé.