Omi Ń Gun Wáyà: Ọ̀rọ̀ fún Àwa Tí A Ń Gun Alùpùpù Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka ìkẹ́rù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín nítorí àwọn tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

 

Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Ṣùgbọ́n ní ilé iṣẹ́ tiwa yìí, mo rí i pé òjò ń bá àwọn kan ṣọ̀rẹ́ o. Bí òjò bá pa máníjà, aṣọ rẹ̀ nìkan ni ó ń tutù. Bí ó bá pa ẹni tí ń gun alùpùpù, owó oṣù rẹ̀ náà a tutù. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ Alága pé kí ó fún mi ní ogún ìṣẹ́jú lónìí.

Ẹ ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹfà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa gbé ẹrù láti Ọ̀gbà lọ sí Àpápá, òjò sì ká a mọ́ ọ̀nà. Ó wọ ẹ̀wù òjò, ó ti fi ìbòrí bo báàgì tí ó wà lórí táǹkì epo, gbogbo ohun tí a ní kí ó ṣe ni ó ṣe. Nígbà tí ó débẹ̀ tí ó ṣí báàgì, ó bá omi nínú rẹ̀ tó ife kan. Fóònù ilé iṣẹ́ tí ó fi ń wo ọ̀nà, tí àwọn oníbàárà sì fi ń buwọ́ lùwé fún un, ti kú. Ìwé ẹrù ti di ẹ̀kọ. Kí ó tó padà dé, wọ́n ti kọ lẹ́tà sílẹ̀ dè é: àìbìkítà ni, owó fóònù yóò sì jáde nínú owó oṣù rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ó gbé lẹ́tà náà wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo bò ó o. Mo fi Ọlọ́run búra, mo bò ó." Mo ní kí ó gbé báàgì náà wá, kí ó má sì nù ún rárá.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Orí rẹ̀ gbẹ, ojú síìpù rẹ̀ gbẹ, ìbòrí rẹ̀ kò ya. Ibi tí wáyà ṣájà gbà wọlé ni ó rin. Rẹwáyà tí ilé iṣẹ́ fúnra wọn pè ni ó fa wáyà náà. Láti ara bátìrì lábẹ́ ìjókòó, ó gbé e gba abẹ́ táǹkì lọ síwájú, ó so ó mọ́ ọwọ́ alùpùpù, láti ibẹ̀ ni ó wá sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ihò tí ó lu sí iwájú báàgì. Ó fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ dí ẹnu ihò náà. Gọ́ọ̀mù ọ̀hún ti là, nítorí pé aṣọ ni báàgì, ó ń ṣẹ́ po ní gbogbo ìgbà, gọ́ọ̀mù tí ó ti gan kò sì lè bá a ṣẹ́.

Mo lọ bá ọ̀gá tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, mo ní kí ó jọ̀wọ́ bá mi dé ẹ̀yìn ilé níbi tí alùpùpù wà. Mo bu omi sínú kẹ́tùlù. Mo rọra ń dà á sórí wáyà nìkan, lẹ́bàá ọwọ́ alùpùpù. N kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan bọ́ sára báàgì. Kí kẹ́tùlù tó dé ìdajì, a ti ń gbọ́ tó, tó, tó nínú báàgì. Omi gun wáyà bí ẹni gun alùpùpù, ó sì sọ̀ nígbà tí ó délé. Ọ̀gá náà kò sọ̀rọ̀. Bàtà rẹ̀ ni ó ń wò.

Mo wá ka apá 5 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún un, òfin tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1974 tí ó ṣì wà títí di òní. Ó sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí ó bà á jẹ́ nípa àìbìkítà, wọ́n lè yọ owó, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Bákan náà, àpapọ̀ ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Mo bi í pé ìwé ìfọwọ́sí náà dà? Kò sí ìwé. Wọ́n dá owó yíyọ náà dúró. Ti oṣù kìn-ín-ní tí wọ́n ti yọ kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ mi, a ṣì ń bá wọn fà á. Lẹ́tà wà lọ́wọ́ akọ̀wé.

Ẹ ṣeun, ẹ dáwọ́ àtẹ́wọ́ dúró. Omi kò mọ òfin. Bí a bá borí nínú ọ́fíìsì tí wáyà sì wà bí ó ṣe wà, òjò tí ó ń bọ̀ yóò tún wọlé. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a sọ ti wáyà.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kò pọn dandan kí a lu ihò sára báàgì. Ihò tí a kò lu kò lè jò. Báàgì tí síìpù rẹ̀ ní orí méjì, tí méjèèjì ń pàdé ara wọn, ẹ fa orí méjèèjì wá sí igun ìsàlẹ̀ jù lọ, kí ẹ fi àyè tí kò ju ìwọ̀n wáyà lọ sílẹ̀ láàárín wọn. Kí wáyà gba abẹ́ etí ìbòrí òjò, kí ó wọ ibẹ̀. Ìbòrí ni ó ń lé òjò, kì í ṣe báàgì. Ohun tí ó bá ti wà lábẹ́ ìbòrí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti bá òjò sọ.

Yálà ihò wà tàbí kò sí, ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni bí wáyà ṣe ń dé ẹnu ọ̀nà. Kò gbọdọ̀ ti òkè wá. Ẹ wo wáyà iná mànàmáná tí ó ti orí òpó wọ ilé yín: rẹwáyà tí ó mọ iṣẹ́ yóò jẹ́ kí ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kọjá ihò ògiri, kí ó tó tún gòkè wọlé. Kì í ṣe pé wáyà gùn jù ni kò jẹ́ kí ó gé e. Omi tí ó bá gun wáyà wá yóò dé ìsàlẹ̀ ibi tí ó rọ̀ sí, yóò sì kán sílẹ̀ níbẹ̀, torí omi kì í gun òkè. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kí wáyà rọ̀ tó ìka mẹ́rin sísàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà, kí ó tó gòkè wọ báàgì. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ ohun kan péré ni ẹ ó mú kúrò níbí lónìí, èyí ni kí ẹ mú.

Ẹni tí síìpù rẹ̀ kò bá gbà, tí ó di dandan kí ó lu ihò, kí ó mọ ibi tí yóò lù ú. Iwájú báàgì kò dára, atẹ́gùn ń gbá òjò lù ú bí a ti ń sáré. Ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ́yìn, ní ìdojúkọ itan wa, kò dára pẹ̀lú, nítorí pé táǹkì dà sẹ́yìn, ibẹ̀ ni omi ń gbá jọ sí. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ń ṣe sòkòtò wa. Ẹ̀gbẹ́ báàgì ni mo fara mọ́, sún mọ́ ẹ̀yìn, kí ó fi ìka mẹ́ta ga ju ìsàlẹ̀ lọ, lábẹ́ ìbòrí. Ẹ má fi ọ̀bẹ lù ú. Ẹ fi ìṣó gbígbóná jó o, kí òwú etí ihò lè yọ́ pọ̀ kí ó má tú. Ẹ fi ọ̀rùka rọ́bà tí ó fún mọ́ wáyà há ihò náà. Àwọn tí ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní i, kò wọ́n.

Wáyà yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ olóbìírípo. Wáyà pẹlẹbẹ oníméjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní ojú ìlà láàárín, rọ́bà kò lè dí ojú ìlà náà, omi yóò sì máa yọ́ gba ibẹ̀ lọ. Ohun mìíràn tún wà tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Bí ẹnu wáyà bá ṣí sílẹ̀ níta, tí òjò ń bà á, àwọn okùn bàbà wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ yóò fa omi gba inú rọ́bà lọ bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Ẹ ó dí ihò títí, omi yóò gba inú wáyà fúnra rẹ̀ wọlé. Nítorí náà, gbogbo ibi tí a bá ti so wáyà níta, ẹ bò ó dáadáa, kí ẹ sì kọjú rẹ̀ sílẹ̀.

Ti bátìrì, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tú orí dúdú kúrò kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Fíúùsì gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà pupa, ní ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an, kì í ṣe nínú báàgì, nítorí pé ìwọ̀n wáyà tí ó bá wà láàárín bátìrì àti fíúùsì kò ní alábòójútó. Ṣájà tí ń fún fóònù ní àmpíà 2 ní fólítì 5, wọ́ọ̀tì 10 ni. Lára bátìrì fólítì 12, kò fi bẹ́ẹ̀ ju àmpíà 1 lọ. Fíúùsì àmpíà 5 tó. Mo ti rí ẹni tí ó fi okùn wáyà lásán dípò fíúùsì lábẹ́ ìjókòó, pẹ̀lú epo bẹntiróòlù nítòsí. Ẹ jọ̀wọ́. Kí iná ṣájà gba ojú kọ́kọ́rọ́, kí ó má bàa fa bátìrì gbẹ mọ́jú. Kí wáyà jìnnà sí salẹ́ńsà. Lẹ́yìn tí ẹ bá parí, ẹ yí ọwọ́ alùpùpù dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹ wò bóyá wáyà fà.

Kí orí wáyà kan wà tí a lè yọ láàárín bátìrì àti báàgì, tí ó ní ìdérí rọ́bà. Bí a bá dé ilé epo, a ó pa iná, a ó yọ wáyà, a ó gbé báàgì kúrò lórí táǹkì pátápátá kí a tó ṣí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé báàgì tí fóònù ń gba iná nínú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí epo máa wọlé.

Bàbá awakọ̀ kan bi mí ní ìta ṣáájú ìpàdé pé kí ló dé tí a kò kúkú ju power bank sínú báàgì, kí a má fa wáyà rárá. Ìbéèrè àgbà ni. Fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ìdajì ọjọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rà á? Bí àwa bá rà á, a ti ń fi owó ara wa ṣiṣẹ́ ilé iṣẹ́ nìyẹn. Báàgì dúdú nínú oòrùn ọ̀sán sì ń gbóná bí ààrò, irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kò sì fẹ́ ooru.

Ooru náà ni ó jẹ́ kí n sọ pé kí ẹ má fi ọ̀rá di fóònù pinpin nígbà tí ó bá ń gba iná. Ẹ gbé e sórí fóòmù kí ó má fara kan ìsàlẹ̀ báàgì. Ìwé ẹrù ni kí ẹ fi sínú ọ̀rá. Bí omi bá wá wọlé náà, ẹ yọ ṣájà kíá, ẹ pa fóònù, ẹ gbọn omi ojú ihò rẹ̀ dànù, kí ẹ fi sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ẹ má kì í bọ inú ìrẹsì. Eruku ìrẹsì ni yóò tún dí ihò náà.

Ní Sátidé tí ń bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, a ó pàdé ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Kí oníkálukú kó ẹrù inú báàgì rẹ̀ kúrò kí ó tó gbé e wá. Ẹni tí wọ́n bá ti yọ owó rẹ̀ nítorí omi, láti ọdún tó kọjá títí di ìsinsìnyí, kí ó mú ìwé owó oṣù rẹ̀ dání fún akọ̀wé. Èmi yóò mú ìṣó àti ọ̀rùka rọ́bà wá. Kẹ́tùlù náà yóò wà níbẹ̀.