Iṣẹ́ ni Ẹ̀tọ́ Ẹni Òrìṣà



Ọbàtálá ló mọ arọ, abuké àti àfín. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà. Síbẹ̀, sàráà nìkan ni a ń fún wọn, ọ̀rọ̀ àlejò nínú èdè wa!

Òfin àpapọ̀ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 ní kí 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, ó kéré tán, jẹ́ akàndá ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n wọ́n fi “bí ó bá ṣeé ṣe” há a láàárín. Ibẹ̀ ni ọ̀gá tí kò fẹ́ yóò gbà sá.

Kí a tó tún pàdé, ẹ bá mi kọ orúkọ àwọn ẹni òrìṣà tó ń wáṣẹ́ ní ìlú yìí, àti iṣẹ́ tí olúkúlùkù mọ̀. Èmi fúnra mi yóò gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀.