Ẹ Kà Á Kí Ẹ Tó Dà Á Nù

 

Ní oṣù tó kọjá, ìyá kan nínú kíláàsì wa bi wá ní ìbéèrè kan. Agbowó ló ti ń tajà, ojoojúmọ́ ló sì ń wo géètì Yunifásítì Ìbàdàn láti ìdí ọjà rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà níbẹ̀, a mọ iṣẹ́ wọn. Àwọn tó ń kọ́ nípa oko, a mọ iṣẹ́ wọn. Àwọn tó jókòó ti ìtàn àtijọ́ ńkọ́? Kí ni wọ́n ń bá kiri?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Òun ni a fẹ́ dáhùn lónìí.

Ní 1948 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà sílẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú àwọn ilé tí àwọn sójà fi ṣe ọsibítù tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó lọ sí ibi tó wà lónìí. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Òyìnbó ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kò ní ìtàn àfi ìgbà tí Òyìnbó dé. Kí ló fà á? Ìwé tí Òyìnbó kọ nìkan ni wọ́n kà sí ẹ̀rí. Ẹ̀yin náà mọ òwe wa: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Àwọn olùkọ́ kan ní Ìbàdàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Aṣáájú wọn ni Kenneth Dike, ọmọ ìlú Awka ní ilẹ̀ Ìgbò. Ó yẹ ìwé àtijọ́ wò káàkiri ọ́fíìsì ìjọba, ó sì rí i pé púpọ̀ ti ń bàjẹ́. Ó ké sí ìjọba. Ní 1954 ìjọba dá ilé ìpamọ́ ìwé sílẹ̀, Dike fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ bójú tó o. Ti Ìbàdàn wà nínú ọgbà Yunifásítì títí di òní. Ní 1955 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún dá Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìtàn ti Nàìjíríà sílẹ̀.

Iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀ sí ìpàdé àwọn àgbà. Ẹni tó bá ṣe ìwádìí kò gbọdọ̀ fi í sábẹ́ ẹní. Yóò kà á sétí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọn á bi í pé: Ta ló sọ fún ọ? Ìwé wo lo ti rí i? Kí ni ẹnìkejì wí? Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọn á ní kó padà lọ wádìí sí i. Ẹjọ́ ni wọ́n ń gbọ́, ẹ̀yin ará wa.

Ìwé nìkan kọ́ sì ni ẹlẹ́rìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ wádìí bí Ìbàdàn ṣe di alágbára láyé ogun. Ó fi hàn pé ẹni tó bá fara balẹ̀ yẹ oríkì wò lè rí ìtàn nínú rẹ̀. Ó tún kọ̀wé nípa oyè Ìyálóde. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti wo eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ẹ sì ní ìkà obìnrin ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n onímọ̀ ìtàn á béèrè pé: Báwo ló ṣe ń ṣòwò? Kí ló wà láàárín òun àti Ààrẹ Látòósà, tó fi pàdánù oyè àti ẹ̀mí ní 1874?

Ìwé kì í pẹ́ sọnù o. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìtàn Yorùbá tó kọ ní 1897. Ó fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó, ó sì sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílé! Àwọn ni Dókítà Obadiah, àbúrò rẹ̀, fi tún ìwé náà kọ. Ní 1921 ló tó jáde.

Àwa tí a ń sọ èyí, a ti jẹ̀bi rí. Nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, a bá páálí rẹ́jísítà àtijọ́ kan ní yàrá ẹ̀yìn. A ní ó ń kó aáyán jọ. A kó o fún alákàrà, ó sì fi wé àkàrà tán. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọmọbìnrin kan ti Yunifásítì wá. Ó fẹ́ mọ ìgbà tí àwọn òbí àdúgbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọbìnrin sílé-ìwé, àti iye wọn. A kò rí nǹkan kan sọ. Ẹlẹ́rìí wà lọ́wọ́ wa, àwa la pa á.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí a ń bẹ̀ yín sí. Ẹ má jẹ́ kí ikán àti òjò dé ibi tí ìwé àtijọ́ yín wà. Ẹ kọ orúkọ, ọdún àti ibi tí ẹ ti yà á sẹ́yìn fọ́tò. Ẹ jókòó ti àgbà ilé, kí ẹ kọ oríkì àti ìtàn tó bá sọ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Bí ọmọ Yunifásítì bá wá wádìí, ẹ bi í ní orúkọ àti ohun tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yín ṣe. Ẹ jẹ́ kó ya fọ́tò ìwé yín, kí ẹ má kó ojúlówó fún un lọ. Ẹ ní kó padà wá ka ohun tó kọ fún yín. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ìyá tó bi wá ní ìbéèrè yẹn ti ṣí àpótí rẹ̀ wò. Ó mú rìsíìtì owó-orí bàbá rẹ̀ wá sí kíláàsì. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń rí i, pé ó kù díẹ̀ kí òun fi dáná. A kò bá a kà á. Òun fúnra rẹ̀ fi ìka tọ́ ọ, ó ka orúkọ bàbá rẹ̀, ó ka orúkọ agbo-ilé wọn, ó ka ọdún: 1954. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ ti mọ̀ ọ́n kà báyìí. Kí ẹ tó da ìwé kankan nù, ẹ kọ́kọ́ kà á. Ó dìgbà o.