Ọgbẹ́ Kékeré Lára Pùrọ̀pẹ́là

(Orin ètò. Ìró ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré wọlé, ó ròkè, ó sì rọlẹ̀ sábẹ́ ohùn.)

OLÙSỌ̀TÀN: Ẹ̀yin ará Àkàkà Rẹ́mọ, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa láti Ìsarà, Òde Rẹ́mọ àti Ìpara, bàálù tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í kó èrò lọ sí Àbújá. Èèyàn méjì ló sábà máa ń gbé, ọ̀gá àti ọmọṣẹ́. Tó bá dókè, á ta òkìtì, á dojú dé, á fi ẹ̀yìn fò, á tún máa pòòyì bọ̀ nílẹ̀ kí awakọ̀ tó gbé e dìde. Eré kọ́ ni wọ́n ń fi í ṣe. Òun ni àwọn ológun fi ń kọ́ awakọ̀ tuntun, pé lọ́jọ́ tí bàálù bá ṣi ẹsẹ̀ gbé lókè, kí ọwọ́ rẹ̀ má gbọ̀n.

Pápákọ̀ òfurufú Gateway tó wà nítòsí wa, láàrin Ìpẹ́rù àti Ìlíṣàn, bàálù ńláńlá ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Tó bá jẹ́ ti bàálù kékeré olókìtì, Kàdúná ni ká kọjú sí. Ibẹ̀ ni Iléeṣẹ́ Ológun Òfurufú Nàìjíríà ti ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Láwọn ọdún 1970, bàálù Bulldog tí wọ́n ṣe ní Scotland ni wọ́n ń lò. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1980, iléeṣẹ́ AIEP ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to Air Beetle, láti ara RV-6A tí Richard VanGrunsven, ará Amẹ́ríkà, ya àwòrán rẹ̀. Lọ́dún 2016, ìjọba bá Pakistan dá àdéhùn pé kí wọ́n ta Super Mushshak mẹ́wàá fún Nàìjíríà.

Ìdí Super Mushshak yìí ní ìtàn. Björn Andreasson, ọmọ Sweden, ló ya àwòrán bàálù tí wọ́n gbé e kà. Òun náà ló ya àwòrán MFI-9, bàálù kékeré tí Carl Gustaf von Rosen kó wá ran Biafra lọ́wọ́, tó sì fi kọlu pápákọ̀ òfurufú tó wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1969. Ẹbí kan náà ni bàálù ọjọ́sí àti èyí tí Nàìjíríà fi ń kọ́ awakọ̀ lónìí! Ó di ọjọ́ mìíràn ká tó tú ìyẹn.

Nímú gbogbo bàálù wọ̀nyí ni abẹ̀bẹ̀ tó ń fà wọ́n wà. Pùrọ̀pẹ́là ni wọ́n ń pè é, òun sì ni ọ̀rọ̀ wa.

(Ìró fáìlì lára irin.)

Pùrọ̀pẹ́là tó gùn ní mítà 1.9 láti ṣóńṣó kan dé èkejì, tó ń yí ní ìgbà 2,700 láàrin ìṣẹ́jú kan, ṣóńṣó rẹ̀ ń sáré ju kìlómítà 960 lọ ní wákàtí kan. Ìyíká yẹn ń fi agbára tó lè ju tọ́ọ̀nù 10 lọ fa ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan síta, bíi pé ó fẹ́ fà á yọ ní gbòǹgbò.

Òkúta wẹ́wẹ́ kan wá ta bá etí rẹ̀. Ó bu ibẹ̀ jẹ díẹ̀, kò tó èékánná. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kí lèyí jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin aránṣọ mọ̀ ọ́n: tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya aṣọ, ẹ ó kọ́kọ́ fi àlùmọ́gàjí gé etí rẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì gbà ya lọ. Ibi ọgbẹ́ kékeré yẹn náà ni agbára gbá jọ sí lára irin. Á là, ìlà náà á máa gùn sí i ní gbogbo ìgbà tí bàálù bá fò, títí ṣóńṣó á fi já. Tí ọwọ́ kan bá já tí èkejì ṣẹ́ kù, ìgbọ̀nrìrì tó máa tẹ̀lé e lè fa ẹ́ńjìnnì tu kúrò lórí ìjókòó rẹ̀.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fọwọ́ pa etí pùrọ̀pẹ́là láti ìdí dé ṣóńṣó kí bàálù tó gbéra, lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú tó sì ti tutù. Tí ọwọ́ bá kan ọgbẹ́, onímọ̀ á fi fáìlì rá a títí yóò fi tẹ́jú, tí kò ní ní igun mọ́. Á fi bébà oníyanrìn dán an, á fi omi aláwọ̀ tó máa ń wọnú irin tó bá là yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé ẹni tó ṣe pùrọ̀pẹ́là ló ń sọ bí ọgbẹ́ ṣe lè jìn tó. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó di ilé àtúnṣe. Iṣẹ́ pańẹ́ẹ̀bítà kọ́ lèyí o: a kì í fi òòlù tọ́ ọwọ́ pùrọ̀pẹ́là tó bá tẹ̀.

(Ìró ẹ́ńjìnnì tó ń ròkè, tó tún ń rọlẹ̀.)

Òkìtì ló wá mú ọ̀rọ̀ pùrọ̀pẹ́là àwọn bàálù wa yìí le ju ti bàálù yòókù lọ. Lára ọ̀pọ̀ bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń yí ọwọ́ pùrọ̀pẹ́là kó lè gé afẹ́fẹ́ nípọn. Tí ọ́ìlì bá sá, ọwọ́ náà á padà sí fẹ́lẹ́, ẹ́ńjìnnì á sì sáré ré kọjá ààlà. Bàálù tó dojú dé ńkọ́? Ọ́ìlì lè sá kúrò lẹ́nu pọ́ǹpù. Nítorí náà, pùrọ̀pẹ́là tí wọ́n ṣe fún òkìtì máa ń ní irin wíwúwo nídìí ọwọ́ rẹ̀. Tí ọ́ìlì bá sá, irin yẹn ló máa yí ọwọ́ náà sí nípọn, ẹ́ńjìnnì á sì fà sẹ́yìn dípò kó sáré jù.

Èkejì ni pé ohun tó ń yí kì í fẹ́ ká yí ojú òun padà. Tí awakọ̀ bá já imú bàálù lójijì, pùrọ̀pẹ́là á kọ̀, ìkọ̀ yẹn á sì lọ sínú bóòtù àti kíráńkì tó gbé e dúró. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe wúwo tó ni ìyà kíráńkì ṣe ń pọ̀ tó. Ohun tó sọ MT-Propeller ti Jámánì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàrin àwọn tó ń ta òkìtì nìyẹn: igi ló wà nínú ọwọ́ pùrọ̀pẹ́là wọn, wọ́n kàn fi okùn gíláàsì àti gọ́ọ̀mù bò ó lára. Igi o, ẹ̀yin ará mi, tí a rò pé ayé ti kọjá rẹ̀!

Nílẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti ń bà mí jù. Mágínẹ́ẹ̀tò ẹ́ńjìnnì bàálù máa ń dá iná rẹ̀ ṣe láìlo bátìrì. Tí wáyà kékeré tó yẹ kó pa á bá já, kọ́kọ́rọ́ á wà ní pípa, iná ṣì wà. Ẹni tó bá fọwọ́ yí pùrọ̀pẹ́là lásìkò yẹn lè rí i pé ẹ́ńjìnnì gbiná lójú òun. Tó bá sì ń yí, ojú kì í rí i mọ́. Ẹ̀yìn apá ni wọ́n ń gbà sún mọ́ bàálù, kì í ṣe iwájú. Wọn kì í sì í tẹ iná mọ́ ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́, nítorí pùrọ̀pẹ́là á fà á mọ́ra.

Owó onírin tó bọ́ lápò, bírò, sípánà tí wọ́n gbàgbé: tí bàálù bá dojú dé, wọ́n á fò káàkiri, wọ́n lè bọ́ sí ìdí ìrù kí wọ́n há okùn ìdarí mọ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń ka irin iṣẹ́. Tí ọ̀kan bá dín, kò sí fífò.

Tí pùrọ̀pẹ́là bá sì gbá ilẹ̀, ó tán. Lycoming, tó ṣe ẹ́ńjìnnì Bulldog àti Super Mushshak, sọ pé kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà yẹ̀ wò, bó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ. Àṣẹ tí àwọn aláṣẹ òfurufú Amẹ́ríkà pa lọ́dún 2004 sì sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n yẹ gíà ẹ̀yìn kíráńkì wò, kí wọ́n sì pààrọ̀ bóòtù rẹ̀.

(Orin wọlé díẹ̀díẹ̀.)

Bàálù kò ṣàjèjì sí ọmọ Rẹ́mọ: Tai Solarin ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ṣiṣẹ́ atọ́nà bàálù pẹ̀lú ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun àgbáyé kejì, kó tó dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ lọ́dún 1956. Ọmọ Rẹ́mọ tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ bàálù lónìí, iléèwé NCAT ní Zaria, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1964, ń kọ́ni níṣẹ́ àtúnṣe bàálù. Àjọ NCAA, tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ti gbà á ló lè fọwọ́ sí ìwé bàálù pé ó yẹ ní fífò. Nígbà mìíràn, ohun tó máa kọ síbẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ fò lónìí, bí ọ̀gá tó fẹ́ gbé e lọ tilẹ̀ dúró tì í.

(Orin ròkè, ó parí.)