Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Fi Ojú Ara Wọn Rí I

(Àsọyé tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa)

 

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n sọ ni ti ìrìn-àjò: àǹfààní tí ó wà nínú kí baba, ìyá àti ọmọ jọ wọ ọkọ̀ kan náà, kí wọ́n lọ wo àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé àti ọgbà ẹranko tí Ìjọba yà sọ́tọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹnìkan lè wí pé, "Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ìlọsíwájú ìlú? Ṣé a ti rí omi ẹ̀rọ àti ọ̀nà ọ̀dà tán ni?" Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn mi ni pé ìlú tí ó ní omi, tí ó sì ní ọ̀nà, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, yóò dà bí ilé àyágbé, tí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ kò bìkítà bí òrùlé rẹ̀ bá ń jò.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, èmi, aya mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́rin fi ọjọ́ márùn-ún rin irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a rí, kí n tó sọ ibi tí ó ti kan ẹgbẹ́ wa.

Abẹ́òkúta ni a kọ́kọ́ dé. Kò sí ọmọ ilé-ìwé tí kò tí ì gbọ́ pé abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní ọdún 1830, nígbà tí ogun lé wọn kúrò ní ìlú wọn. Ṣùgbọ́n ìròyìn kò tó àfojúbà. Àwọn ọmọ tẹ̀ríba wọ inú ihò àpáta náà, wọ́n sì rí àwọn ojú ihò tí àwọn ìyá ti ń lọ nǹkan oúnjẹ lára òkúta. Ọmọbìnrin mi àgbà bèèrè pé, "Bàbá, nígbà tí wọ́n ń lọ ata níbí, ṣé ogun ń jà lóde?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ọwọ́ kan ojú ihò náà, kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, a dé Ilé-Ifẹ̀. A wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, akọ òkúta tí gíga rẹ̀ ju mítà 5 lọ, tí a gbá ìṣó irin mọ́ lára. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà lẹ́bàá ààfin, wọ́n sọ fún àwọn ọmọ bí àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938 ṣe kan àwọn orí idẹ tí òkìkí wọn kàn ká gbogbo ayé. Mo fi kún un pé ní ọdún 1910, nígbà tí Leo Frobenius, ọmọ Jámánì, rí iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀, kò gbà pé àwọn baba wa ni ó dá a. Ó ní àwọn ará Atlantis, ilẹ̀ inú ìtàn àwọn Gíríìkì, ni ọgbọ́n náà ti wá. Ọmọ tí ó bá ti dé Ifẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tàn án jẹ.

Ọjọ́ kẹta ni a dé igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Mo mọ̀ pé níbí ni ojú àwọn kan nínú yín yóò ti fà ro, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ fún aya mi náà pé ìbọ̀rìṣà ni ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó lọ wo ààfin kò di ọba. Ẹni tí ó lọ wo igbó kò di abọrẹ̀. Àwa lọ wo ohun tí àwọn baba ńlá wa ṣe, a sì padà sí ilé Ọlọ́run wa ní ọjọ́ ìsinmi.

Ìtàn igbó náà ni mo fẹ́ kí a gbọ́ dáadáa. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ti ń gé igi rẹ̀, wọ́n sì ti ń fi ilẹ̀ rẹ̀ dáko. Àwọn ojúbọ rẹ̀ ń wó. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, tí a wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn ọmọ Òṣogbo bíi Adébísí Àkànjí àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, ni wọ́n dìde tí wọ́n tún àwọn ojúbọ náà kọ́, tí wọ́n sì dúró ti igbó náà. Ní ọdún 1965 ni Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ kí òfin lè bo hẹ́kítà 75 rẹ̀ ní odindi. Ní 2005 ni UNESCO kà á mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Síbẹ̀ iṣẹ́ kò tí ì parí. Àwọn tí ń wa wúrà lókè odò ti ba omi rẹ̀ jẹ́ débi pé, ní ọdún 2022, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tí ó wá sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má ṣe mu ún.

Ọ̀yọ́ ni a sùn ní ọjọ́ kẹrin, nítorí níbẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ Ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé wà. Ọgbà yìí fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ìpínlẹ̀ Èkó tòun ti ọ̀sà rẹ̀ kò ju 3,577 lọ. Láti ọdún 1936 àti 1941 ni a ti ya àwọn igbó tí a pa pọ̀ di ọgbà náà sọ́tọ̀. Ní 1991 ni ó di ọgbà orílẹ̀-èdè. Ẹfọ̀n, àgbọ̀nrín, ìmàdò àti ọ̀bọ wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀ṣọ́ ọgbà mú wa dé Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀, ìlú tí Clapperton bá Aláàfin lórí ìtẹ́ nínú rẹ̀ ní ọdún 1826, tí ogun sì sọ di ahoro láàárín ọdún mẹ́wàá sí i. Àpáàdì wà nílẹ̀ káàkiri, òkìtì ògiri ìlú sì wà lábẹ́ koríko. Ọmọkùnrin mi tí ó kéré jù bèèrè pé, "Ààfin dà?" Ẹ̀ṣọ́ náà na ọwọ́ sí òkìtì kan. Ọmọ náà wò ó títí, ó ní, "Bàbá, ṣé ìlú tiwa náà lè dà báyìí?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbéèrè ọmọ náà ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. Ogun ni ó run Ọ̀yọ́-Ilé, ṣùgbọ́n ohun àtijọ́ kò dúró de ogun kí ó tó parun. Ní ìtòsí Tinúbú ní Èkó, ilé kan wà tí à ń pè ní Ilojo Bar, irú ilé tí àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíìlì dé máa ń kọ́. Láti ọdún 1956 ni Ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Òfin wà lórí rẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún, òfin kò sì gbà á là. Ẹ fi èyí wé igbó Ọ̀ṣun: àwọn ènìyàn ti dúró tì í kí òfin tó dé. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ọ̀kan ní àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ tó láti jà fún un. Ènìyàn kì í sì í jà fún ohun tí kò fi ojú rí rí.

Nítorí náà mo mú àbá mẹ́ta wá. Èkíní, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan tí agbára rẹ̀ ká a mú àwọn ọmọ lọ wo ibi kan, ó kéré tán, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan; kí ẹgbẹ́ sì wá ọkọ̀ fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní mọ́tò. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, kí ó kọ́kọ́ dé ilé-iṣẹ́ ọgbà ní Ọ̀yọ́, kí ó bèèrè bóyá ọ̀nà dára, bóyá àlàáfíà wà, kí ó má sì wọ igbó láìsí ẹ̀ṣọ́. Kí ó gbé omi tí ó tó dání. Bí wọ́n bá ní kí ó padà, kí ó padà: ẹ̀mí ọmọ ju ìran wíwò lọ.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ yan ìgbìmọ̀ tí yóò kọ àwọn ohun àtijọ́ ìlú tiwa sílẹ̀, ìyókù odi ìlú, igi ọjà, ilé alámọ̀ àwọn ìjòyè, ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àkọ́kọ́, kí wọ́n sì gba ìtàn wọn lẹ́nu àwọn àgbà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀kẹta, kí ìdílé tí ó bá fẹ́ wó ilé àtijọ́ tàbí tà á kọ́kọ́ sọ fún ẹgbẹ́. Àwa kò lè fi ipá gba ilé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n a lè jókòó, kí a jọ gbèrò.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí tiwa gbẹ. Kí Ó fún Kábíyèsí ní ẹ̀mí gígùn, kí Ó sì jẹ́ kí a tún pàdé ní àmọ́dún pẹ̀lú ayọ̀.